Eyín Kọ́ Là Ń Fi Bó Wáyà Bàálù

Rewáyà ni bàbá mi, ní Ládípọ̀, ní Mushin. Kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí iná ti gé nínú mọ́tò: wọ́n á fi tẹ́sítà tọ wáyà láti ojú fíúsì títí dé iná ẹ̀yìn, ibi tí gílóòbù tẹ́sítà kò bá ti tàn mọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Eyín ni bàbá mi fi ń bó wáyà. Eyín lèmi náà fi ń bó o. Ìgbà tí mo wá ríṣẹ́ sílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ bàálù ní Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kejì tí mo jókòó sídìí tábìlì ni mo gbé wáyà sẹ́nu, mo fà á, mo tu rọ́bà rẹ̀ dànù. Gbogbo tábìlì pa lọ́lọ́. Ìyá àgbà kan, ará Vietnam, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra gba wáyà náà lọ́wọ́ mi, ó gé e wẹ́wẹ́, ó dà á sínú àpótí pupa. Ohun tó bá ti wọ àpótí pupa yẹn, ó parí, kì í padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò nídìí tábìlì yẹn kí n tó padà wálé. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ṣómólú báyìí, lókè ilé ìtẹ̀wé kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi. À ń di wáyà fún àwọn tó ń kan dróònù, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í bi mí pé, "Àǹtí, báwo lèèyàn ṣe ń wọ iṣẹ́ yìí?" Mo ti ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sinmi.

Avionics ni orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ inú bàálù pọ̀: rédíò tí awakọ̀ fi ń bá àwọn ará ilẹ̀ sọ̀rọ̀, èyí tó ń tọ́ka ọ̀nà fún un, èyí tó ń bá a di ọkọ̀ mú, àti àwọn ojú gíláàsì tó tò síwájú rẹ̀. Ẹnjiníà ló ń yà á sórí ìwé. Ẹni tó ń gé wáyà, tó ń fi píìnì sí i lẹ́nu, tó ń dì í, tó ń fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, tó sì ń tẹ́ẹ̀sì í, òun ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń buwọ́ lùwé ní Ìkẹjà pé kí bàálù gbéra. Láísẹ́ǹsì NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, iléèwé bíi NCAT ní Zaria sì lọ̀pọ̀ wọn ti ń kọ́ ọ. Ẹni tó ń jókòó sídìí tábìlì nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan bàálù kò nílò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló gba ìwé àṣẹ, àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ rẹ̀ ló sì ń dúró fún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Mo ti rí ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta sáré láísẹ́ǹsì kiri, tí iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò sì béèrè rẹ̀ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ojú yín wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í gba ẹni tí kò lè ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ sí ìkejì, tàbí tí kò lè ka lẹ́tà wínníwínní nítòsí. Awò ojú kò dí èèyàn lọ́wọ́, èmi náà ń lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọ̀ lẹ máa fi dá wáyà mọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sú mi. Nínú mọ́tò, ẹ rí pupa, ẹ ti mọ̀ pé iná wà níbẹ̀. Ẹ rí dúdú, ẹ mọ̀ pé bọ́dì ló ń lọ. Nínú bàálù, funfun lọ̀pọ̀ wáyà, funfun báláú, bí aṣọ àwọn oníṣẹ̀ṣe. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára lẹ máa kà. Ká ní ẹ rí P14C20N. P ń sọ pé iná DC, irú ti bátìrì, ló ń gbà á kọjá. 14 ni nọ́ńbà wáyà. C ni pé abala rẹ̀ kẹta nìyí, torí wáyà kan lè gba inú kọnẹ́kítọ̀, ìyẹn ojú ibi tí wáyà ti ń so mọ́ra, méjì mẹ́ta kọjá kó tó débi tó ń lọ. 20 ni bó ṣe tóbi sí. N ń sọ pé bọ́dì ọkọ̀ ló parí sí. Ti títóbi yẹn náà dojú rú: nọ́ńbà tó bá kéré ni wáyà tó tóbi. 22 tínínrín, 10 ki pọ́pọ́. Mo gbé 10 fún ẹni tó ní kí n mú 20 wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó rò pé mò ń fi òun ṣeré ni.

Ó yá, bíbó.

Wáyà 20 tí wọ́n ń lò jù ní fọ́nrán bàbà 19 nínú, wọ́n fi tánńganran bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ara rẹ̀ le, ó ń yọ̀, kì í yọ́ bọ̀rọ̀ bíi ti mọ́tò. Irinṣẹ́ tí a fi ń bó o ní ihò, ihò kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ẹ bá ki wáyà 20 bọ ihò 22, abẹ dé ara bàbà nìyẹn. Ẹ ò ní mọ̀ lọ́wọ́. Ẹ máa rí i tí ẹ bá gbé e sábẹ́ awò amúǹkantóbi: ilà tín-ín-rín kan lára fọ́nrán méjì tàbí mẹ́ta, ó ń dán ju ara yòókù lọ torí tánńganran ti bó níbẹ̀.

Kí ni ilà lásán á ṣe? Ẹ lọ mú hángà wáyà, ẹ fi ọ̀bẹ há a níbì kan ṣoṣo, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Ojú ibi tí ẹ há yẹn ló máa dá sí, kì í kùnà. Bàálù ń gbọ̀n láti ìgbà tó bá ti gbéra títí yóò fi balẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣiṣẹ́ ju ogún ọdún lọ. Ìwé àwọn FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní AC 43.13-1B gbà pé fọ́nrán méjì nínú 19 lè ní ojú abẹ lára, ṣùgbọ́n kò gba kí ẹyọ kan gé. Ilé iṣẹ́ tí mo wà kò gba méjì yẹn pàápàá. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, èmi náà ò gbà á.

Mo mọ ohun tó máa wá sí yín lẹ́nu, torí èmi náà sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ ká mánéèjì ẹ̀." Mi ò bú àwọn rewáyà o, àwọn ló wò mí dàgbà. Ẹni tó lè jí dáńfó tó kú sórí Third Mainland pẹ̀lú wáyà ẹsẹ̀ bàtà kan àti téèpù dúdú, ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n dáńfó tó bá kú, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, èrò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á bú kọ́ndọ́, wọ́n á wọ òmíràn. Kò sí ẹ̀gbẹ́ títì lójú ọ̀run.

Ọjọ́ tí wọ́n kó àwa tuntun jókòó, ìtàn bàálù Swissair 111 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù September 1998 ni, MD-11 ni ọkọ̀ náà, New York ló ti gbéra, Geneva ló ń lọ. Kò tíì ju wákàtí kan lọ lókè tí àwọn awakọ̀ gbóòórùn èéfín. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ ti wọ òkun nítòsí Peggy's Cove ní Kánádà, èèyàn 229 ló sì wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Àwọn ará Kánádà lo ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ lórí ìwádìí rẹ̀, wọ́n ń ṣa ọkọ̀ náà jọ ní ẹyọ ẹyọ láti ìsàlẹ̀ òkun. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó jọ pé iná ṣẹ́ lára wáyà lókè àjà, nítòsí ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ó ràn mọ́ aṣọ tí wọ́n fi bo ara ọkọ̀ nínú kí òtútù má bàa wọlé, aṣọ náà sì ń jó. Ọ̀kan nínú àwọn wáyà tí wọ́n rí ojú jíjó lára rẹ̀, wáyà ẹ̀rọ tí àwọn èrò fi ń wo fíìmù ni. Fíìmù o! Kì í ṣe wáyà ẹ́ńjìnnì. Látọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé wáyà kan "ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì", mo máa ń wò ó lójú ni.

Píìnì

Píìnì tí à ń fi sẹ́nu wáyà kò gùn ju èékánná lọ. Wọ́n fi wúrà ra á lára. Orí rẹ̀ mú, ìdí rẹ̀ ṣófo, ihò bíńtín kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí yẹn. Ihò yẹn lẹ fẹ́ mọ̀ dáadáa. Ẹ ki ẹnu wáyà bọ ìdí píìnì. Ẹ gbé e sójú iná. Ẹ yí i títí ihò ẹ̀gbẹ́ á fi kọjú sí yín: bàbà gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Bí òkùnkùn bá wà nínú rẹ̀, wáyà kò dé ìdí. Ẹ tún wo ibi tí rọ́bà wáyà parí sí. Rọ́bà kò gbọdọ̀ wọ inú píìnì, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i. Àlàfo tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú 32 íǹṣì. Káàdì ATM yín fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ máa fún un. Crimp ni wọ́n ń pè é. Pláyà rẹ̀ ní nọ́ńbà lórí tí ẹ máa yí sí ìwọ̀n wáyà, àtẹ nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ló máa sọ èwo fún yín. Ó ní eyín nínú: bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, kò ní ṣí padà àfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹni tó rẹ̀ tàbí ẹni tí ebi ń pa fún un ní ìlàjì. Bí ẹ bá yọ píìnì jáde, ẹ máa rí ojú ìtẹ̀ mẹ́jọ lára rẹ̀, méjì méjì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Ẹ tún wo ihò. Bàbà ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Láràárọ̀, kí ẹ tó fi pláyà yẹn kan iṣẹ́, irin kékeré kan wà tí ẹ máa kì bọ ẹnu rẹ̀: ẹnu kan àwọ̀ ewé, ẹnu kejì pupa. Aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ kọjá, pupa kò gbọdọ̀ kọjá. Bí pupa bá lè kọjá, pláyà ti jẹ. Ẹ tún wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tó sọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá fi ọjọ́ kan péré kọjá, ẹ gbé e padà. Pláyà yìí wọ́n gan-an. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ ní Aláàbà, mo ra ọ̀kan láìmọ̀, píìnì tó fún ń yọ bọ́rọ́ lẹ́nu wáyà. Ṣùgbọ́n fún ìdánrawò, kò burú.

Ẹ máa fún ọ̀kan tí ẹ ò ní lò, kí ẹ fà á títí yóò fi já. Òdiwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún wáyà 20 tó wà lẹ́nu lug, ìyẹn ẹnu irin olóruka tí wọ́n ń fi síkúrù dè, ni pé kó gba ìfà 19 pound kó tó já, bíi kílò mẹ́jọ ààbọ̀. Ní ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ kan ló ń fà á. Ní Ṣómólú, ìwọ̀n àfọwọ́gbé tí àwọn èèyàn fi ń wọn báàgì kí wọ́n tó gbọ̀nà ẹ́ápọ́ọ̀tù la fi ń ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bí píìnì bá ti dára, ẹ fi irinṣẹ́ tì í bọ ihò rẹ̀ lẹ́yìn kọnẹ́kítọ̀, ẹ máa gbọ́ "kọ́". Ẹ rọra fà á padà díẹ̀ kí ẹ mọ̀ pé ó ti di mú. Ihò tí kò bá ní wáyà, ẹ dí i, omi kì í bèèrè ọ̀nà kó tó wọlé.

Ibi kọnẹ́kítọ̀ yìí ni mo ti ṣe tèmi. Ó ní fìlà irin kan tó máa ń bo ẹ̀yìn kọnẹ́kítọ̀. Kí ẹ tó ti píìnì kan ṣoṣo bọ ihò, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi fìlà yẹn sára ìdì wáyà, bí ìgbà téèyàn ń ki ọrùn bọ bùbá kó tó wé gèlè. Ọjọ́ kan, mo fi odidi ọ̀sán kan ti píìnì 61 bọ kọnẹ́kítọ̀ kan. Mo gbé orí sókè. Fìlà ń wò mí láti orí tábìlì.

Mo rò pé kò sí ẹni tó rí i. Agogo márùn-ún ti fẹ́ lù. Irinṣẹ́ wà tí wọ́n fi ń yọ píìnì, mo lè dúró kí gbogbo ayé lọlé, kí n yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi fìlà sí i, kí n tún tì wọ́n padà. Ọkàn mi ti ń bá mi rò ó lọ. Ìyá ará Vietnam yẹn ló wò mí, ó wo fìlà, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń di tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rí, ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Mo lọ bá ọ̀gá wa. Kò pariwo. Ó mú ìwé wá, ó ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ó sì ní kí n yọ píìnì náà níṣojú ìnsípẹ́kítọ̀. Wọ́n gbé kọnẹ́kítọ̀ sábẹ́ awò. Rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀, tó yẹ kó fún wáyà mọ́ra kí omi má wọlé, ti ya ní ihò mẹ́ta, ọwọ́ mi tí mo fi ń yọ píìnì ló ya á. Ojú lásán kò lè rí i. Ká ní mo dá a ṣe ní kọ̀rọ̀, ì bá bá bàálù lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jù ú sínú àpótí pupa, mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, wọn ò sì gé owó mi. Ẹni tí wọ́n lé lọ́dún yẹn, píìnì kan ló tẹ̀ tó fi pláyà imú gígùn tọ́ padà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ máa ka nǹkan yín. Bí ẹ bá gba píìnì 61, tí ẹ lo 60, ẹ sọ ibi tí ọ̀kan wà. Wọ́n ti dá gbogbo wa dúró rí fún ohun tó lé ní wákàtí kan nítorí píìnì kan tó sọnù. Ìsàlẹ̀ bàtà mi ló há sí.

Dídì

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Nínú mọ́tò, téèpù dúdú la fi ń wé wáyà pọ̀, tàbí ike dídì. Wọ́n ń lo ike nínú bàálù náà láwọn ibì kan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tí wọ́n gé máa ń mú bí abẹ, ó ti ya ọwọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà, bó bá sì fún jù ó ń jẹ rọ́bà wáyà. Okùn pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi ìda pa, òun ni wọ́n fi ń dì í lọ́nà àtijọ́, òun ni mo sì gbà pé ó dára jù. Ẹ yí okùn po ìdì wáyà lẹ́ẹ̀mejì, kí yíyí kejì kọjá lórí àkọ́kọ́, kí ẹnu okùn méjèèjì jáde lábẹ́ ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ fà á kó mú. Lẹ́yìn náà, ẹ ta kókó lé e, ọ̀tún lórí òsì, òsì lórí ọ̀tún. Bí ẹ bá fi ọ̀tún lórí ọ̀tún, ó máa yọ̀. Ẹ gé ẹnu okùn, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù.

Ìyá ará Vietnam yẹn fẹ́ kọ́ mi, ó wá rí i pé ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní, irun kíkó ni! Ẹni tó bá ti fi òwú dúdú kó irun rí mọ̀ pé bí òwú bá dẹ̀, irun á tú kó tó di ọjọ́ Sátidé. Bó bá le jù, orí á máa fọ́ ọmọ, ẹsẹ̀ irun á sì máa já. Ìdì wáyà kò yàtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ mú débi tí wáyà kò fi ní máa fi ara gún ara, kò sì gbọdọ̀ le débi tí rọ́bà á fi tẹ̀. Ẹ fi ìka yín fọwọ́ kàn án: kókó kò gbọdọ̀ máa yí kiri lára ìdì, wáyà kò sì gbọdọ̀ ní ìbàdí níbi tí ẹ dì í. Ẹ tò wọ́n kó lọ gbọnrangbọnran kí ẹ tó dì wọ́n, kí wọ́n má máa gun ara wọn bí èrò Ọ̀ṣòdì. Níbi tó bá ti fẹ́ yà, ẹ má ṣẹ́ ẹ lọ́rùn: ìlọ́po mẹ́wàá ìbú wáyà tó tóbi jù nínú ìdì ni kó fi rọra tẹ̀.

Lórí pákó ńlá la ti ń ṣe gbogbo èyí. Àwòrán iṣẹ́ máa wà lórí pákó náà bó ṣe gùn gan-an, ìṣó á wà níbi tí wáyà ti ń yà, ẹ kàn ń tọ ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Lẹ́ẹ̀dì jíjó kò ní pẹ́ lẹ́nu mi, ọ̀pọ̀ yín ti mọ̀ ọ́n láti Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì. Èyí tí wọ́n ń lò nínú bàálù ṣì ní òjé gidi nínú, 63 tánńganran sí 37 òjé, 183°C ló sì ti ń yọ́. Ayé ti ń sá fún òjé, ṣùgbọ́n tánńganran tí kò ní òjé máa ń hu irun tín-ín-rín lára bó bá pẹ́, irun náà sì lè so iná méjì tí kò yẹ kó pàdé pọ̀. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹ ẹ̀bà. Kí ayọ́ọ̀nù yín jẹ́ èyí tó ń ṣọ́ ooru ara rẹ̀, torí iná Èkó tó ń lọ sókè sódò yìí á jẹ́ kí ti lásán gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ sì so okùn ọrùn ọwọ́. Ẹ mọ bí súwẹ́tà ṣe máa ń ta pàrà pàrà lára téèyàn bá bọ́ ọ nígbà ọyẹ́. Kí iná yẹn tó lè ta yín lára, ó ti tó nǹkan bí 3,000 volt. Ẹ̀yà ara bọ́ọ̀dù kan wà tí kò tó 100 volt tó máa pa á, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ ti pa á. Okùn náà ló ń sin iná ara yín lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yàrá oní-éésì ní Èkó ń gbẹ bí ọyẹ́, ẹ má fi ti òógùn òde tan ara yín.

Bí a bá ti parí, a ó tẹ́ẹ̀sì í lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́: ṣé iná dé ibi tó yẹ kó dé? Ìkejì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ṣé kò dé ibi tí kò yẹ? Ẹ̀rọ kan máa ti nǹkan bí 500 volt sínú wáyà kan, yóò máa wò ó bóyá ó ń jò sí ara àwọn yòókù. Tẹ́sítà gílóòbù bàbá mi kò lè rí irú ìyẹn.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láti Èkó

Ẹ lọ sí Ládípọ̀, ẹ ra ìdì wáyà mọ́tò tòkunbọ̀ kan tó ti bàjẹ́. Ẹ gbé e sílé, ẹ tú u délẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sí gbogbo wáyà rẹ̀ bíi pé funfun ni gbogbo wọn. Ẹ ya á sórí páálí ńlá, kí ẹ gbé páálí náà sórí pákó, ẹ gbá ìṣó sí i, kí ẹ tún un dì láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú okùn, láìsí téèpù. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan wáyà dróònù.

Ìwé ẹ̀rí tó ní láárí méjì ni ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn: IPC/WHMA-A-620 fún wáyà dídì, J-STD-001 fún lẹ́ẹ̀dì jíjó. Ọdún méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò kó tó kú. Ìpele kẹta nínú wọn, èyí tó le jù, ni bàálù ń lò.

Nílé níhìn-ín, dróònù ni ilẹ̀kùn tó ṣí jù. Àwọn Ọmọ Ogun Òfurufú wa ti fi dróònù wọn, Tsaigumi, hàn ní Kaduna ní 2018, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kan tiwọn sì ń pọ̀ sí i. Kí ẹ tó fò ó, ìwé NCAA àti ti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà, ẹ má jẹ́ kí sójà wá bá yín nílé. Bó bá jẹ́ òkèèrè lẹ fẹ́, kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan: ní Casablanca, ní Mòrókò, wọ́n ń di wáyà bàálù, Áfíríkà náà sì ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní ITAR. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe nǹkan ogun, ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ní green card ló máa ń gbà sídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀; èmi gan-an, káàdì yẹn ni mo fi wọlé. Ẹni tó bá sọ pé òun lè fi físà mú yín wọ ibẹ̀, ẹ mú owó yín dání, kí ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò jí. Mo ní kí gbogbo wọn sinmi. Èyí àbúrò nínú wọn tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó gbé píìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún sójú iná, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Àǹtí, mi ò rí bàbà nínú ihò yìí."

Mo ní, "Kí lo wá fẹ́ ṣe sí i?"

Mo gbọ́ ìró ìgéwáyà kí n tó sọ ọ́ tán.